Ẹnu Àyálò Bàbá Wẹ́fíà

Níbi fídáù bàbá wa àgbà, áfáà tó ṣe wáàsí sọ pé Bàbá kò bínú rí láyé rẹ̀. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, nítorí àdúrà ló tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò gbà pé òótọ́ ni. Mo rí Bàbá nígbà tó bínú, ó sì ju ìgbà kan lọ. Ẹlòmíì tún dìde, ó ní kò sí ìbéèrè tí Bàbá kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá ní ká wọn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ìbéèrè gan-an ni Bàbá mọ̀ jù, ìbéèrè rẹ̀ sì máa ń fẹ́ dáni lágara.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ títí dé ọjọ́ ìsìnkú. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ ló mọ ìyẹn. Ohun tí mo fojú rí, àti ìwọ̀nba èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi, ni mo fẹ́ kó jọ síbì kan.

Sàlíù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Bàbá Wẹ́fíà ni gbogbo agbo ilé wa ní àárín ìlú Ìlọrin ń pè é. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò yàn án sí ipò tí wọ́n ń pè ní wẹ́fíà nínú ẹgbẹ́ wọn. Òun ló ń rí sí oúnjẹ wọn, omi wọn àti ibùsùn wọn, òun náà ló sì ń gbé ẹjọ́ wọn lọ bá àwọn aláṣẹ. Sáà kan péré ló fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ó di tíṣà, ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó sì lọ sí Mẹ́kà. Ọ̀kankan nínú àwọn wọ̀nyí ì bá di orúkọ fún un, ṣùgbọ́n Wẹ́fíà ló lẹ̀ mọ́ ọn. Mo bi í nígbà kan ìdí tó fi gbà kí wọ́n máa fi ipò ọmọdé pe arúgbó. Ó ní, “Ìjọba ló fún mi ní ipò tó kù. Àwọn tí mo ń ṣiṣẹ́ fún ló fún mi ní èyí.”

Ẹni tó bá mọ ilé wa á rántí wàhálà ìkíni. Ní ìlú wa, a kì í wọlé àgbàlagbà lọ́wọ́ òfo ìkíni. Tí a bá ti kí i tán, a ó ní, “Lágbájá ní kí n kí yín o.” Gbogbo wa la mọ̀ pé nígbà púpọ̀, lágbájá kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ọmọlúwàbí la fi ń ṣe. Bàbá kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Yóò gbójú sókè, yóò ní, “Ṣé ó rán ọ ni, àbí o fi kún un fúnra rẹ?”

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bàbá mi tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ wọlé, ó kí i, ó sì fi kún un pé, “Ìyá Muína ní kí n kí yín.” Èmi ni Muína, ìyá mi ló ń sọ. Bàbá mú fóònù, ó pe ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Post Office.

“Ìyá Muína, o ṣeun. Mo gbọ́ pé o kí mi.”

A gbọ́ ohùn ìyá mi láti inú fóònù. “Ẹ̀n? Bàbá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ṣé ó wá di ẹjọ́ ni?”

“Kì í ṣe ẹjọ́. Ṣé ó kí mi, àbí kò kí mi?”

“Ì bá kí yín ká ní ó mọ̀ pé mò ń bọ̀ níbí.”

“Ó dáa. Èmi náà ì bá dá a lóhùn.”

Nígbà náà, mo rò pé ìjàngbọ̀n lásán ni. Mo ṣì rò pé ìjàngbọ̀n wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi ti lọ tán, Bàbá ṣàlàyé ara rẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í. Ó ní, “Ìkíni tí ẹnikẹ́ni kò rán, ẹrù tí kò ní ẹlẹ́rù ni. Ibo ni kí n dá a padà sí?”

Ìjà tó tóbi jù tí mo gbọ́ pé ó jà nínú ẹbí wa, orí ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló dá lé. Àǹtí Sàfúrà, ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀ kan tó ti kú, fẹ́ lọ́kọ. Bàbá ló yẹ kó fi ọmọ fún ọkọ níbi yìgì. Àwọn àna ti jókòó, áfáà ti ṣí ìwé. Bàbá ní kí wọ́n fún òun láàyè díẹ̀, ó wọ yàrá àwọn obìnrin lọ. Nígbà tó jáde, ó ní, “Ó fẹ́ ọkọ yìí. Ó ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò fẹ́ lọ sílé ọkọ kó tó ṣe é.”

Àbúrò rẹ̀, Alhaji Sànní tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ṣe ètò gbogbo. Ó dìde. “Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ ti jinná.”

“Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́.”

“Àwọn àna ti dé.”

“Kí àwọn náà jẹ ẹ́.”

Wọ́n so yìgì lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìyàwó kò kó kúrò nílé títí tó fi ṣe ìdánwò rẹ̀ tán. Bàbá Kékeré kò yà sílé wa fún ìgbà pípẹ́. Kí n má ṣe gbè sẹ́yìn ẹnì kan, Bàbá Kékeré ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó ní òun ti bi ọmọ náà tẹ́lẹ̀, ọmọ náà sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá dá a lóhùn pé ọmọ náà mi orí fún àgbà, kò tíì mi orí fún ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n parí ìjà náà, mo wà níbẹ̀. Bàbá Kékeré ṣì ń kùn pé ẹ̀gbọ́n òun dójú ti òun láàárín àwùjọ. Bàbá tọrọ àforíjì nítorí ìtìjú náà, ṣùgbọ́n kò tọrọ rẹ̀ nítorí ohun tó ṣe. Ó ní, “Ẹnu ọmọ yẹn ni mo yá. Ẹnu àyálò, bí a ṣe gbà á náà là ń dá a padà.”

N kò fẹ́ kí ó dà bíi pé mò ń yìn ín jù. Ìwà yìí máa ń sú àwọn tó ń bá a gbé. Kò sí ohun tí a lè ṣe nílé kíákíá. Tí àlejò mẹ́ta bá wá, Bàbá á bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan bóyá àmàlà ni wọ́n fẹ́ ni àbí ìrẹsì, á tún padà bi ẹni àkọ́kọ́ bóyá kò tíì yí ọkàn padà. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, ló mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ gún un lára. Ní ọjọ́ Iléyá kan tí wọ́n fẹ́ pa adìẹ kún ẹran, tí Bàbá sì ń lọ láti yàrá dé yàrá pé ta ló fẹ́ adìẹ, ta ni kò fẹ́, Ìyá Àgbà gbé ọ̀bẹ dúró lẹ́yìnkùlé.

“Bàbá Wẹ́fíà, ẹ má gbàgbé ẹnì kan o. Ẹ bi adìẹ.”

Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Mo mọ ohun tó máa sọ ni mi ò fi bi í.”

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, tí mò ń gbé ní Tanke bíi ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ló tì mí jáde láti díje fún ipò wẹ́fíà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Mo wọlé. Mo rò pé tí mo bá sọ fún Bàbá, ó máa gbàdúrà fún mi lójú ẹsẹ̀. Ó gbàdúrà náà, ṣùgbọ́n oríkì mi ló kọ́kọ́ fi pè mí, ìbéèrè sì tẹ̀lé e.

“Àbẹ̀kẹ́, ta ló dìbò fún ọ?”

Mo dárúkọ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó gbè mí.

“Àwọn tí kò dìbò fún ọ ńkọ́?”

“Wọ́n pọ̀, Bàbá.”

“Àwọn náà ló ni ọ́ o. Àwọn ni kí o kọ́kọ́ lọ kí.”

Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣe ìlérí rẹ̀ nígbà ìdìbò tí mo mọ̀ pé tí n kò bá mú un ṣẹ, ojú á tì mí. Ní oṣù ààwẹ̀, àwọn ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ máa ń parí nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń kó wa láti inú ọgbà lọ sí Tanke máa ń lọ ṣínu. Ibi tí oúnjẹ àti mọ́sáláṣí wà, lẹ́yìn ọgbà, ni wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í padà mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dúró ní páàkì títí. Àwọn tí kò lè dúró á fẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn. Fúnkẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá wà lára àwọn tó rìn. Àwọn méjì lórí ọ̀kadà já báàgì rẹ̀ gbà, ó ṣubú, ó sì fi apá ṣèṣe. Nígbà tó padà láti ilé ìwòsàn pẹ̀lú báńdéèjì, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí.

“Muína, ìwọ ni Wẹ́fíà. Ta la tún fẹ́ lọ bá?”

Mo ṣiṣẹ́ lé e. Èmi àti ààrẹ ẹgbẹ́ wa lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Láwàl, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nínú ọgbà, a sì pe aṣojú àwọn tó ni bọ́ọ̀sì. A jọ fẹnu kò pé awakọ̀ tí kò bá sí ní páàkì nígbà tí oòrùn bá wọ̀, wọn kò ní í jẹ́ kó wọ ọgbà fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí a kéde rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ní Sátidé, mo gbé ìròyìn náà lọ bá Bàbá bí ẹni gbé ẹ̀bùn lọ.

Ó gbọ́ ọ tán, tẹ̀súbà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ó dáa. Ta ni kò sí níbẹ̀?”

“Gbogbo ẹni tó yẹ ló wà níbẹ̀, Bàbá.”

“Àwọn awakọ̀?”

“Àwọn tó ni ọkọ̀ wà níbẹ̀.”

“Ẹni tó ni ọkọ̀ kọ́ ni ọ̀fun ń gbẹ.”

Ó wá sọ ìtàn kan fún mi tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tó jẹ́ wẹ́fíà, oúnjẹ tútù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sàárì nínú oṣù ààwẹ̀. Ó jà fún wọn títí tí àwọn aláṣẹ fi gbà pé kí ilé ìdáná máa gbé oúnjẹ gbígbóná kalẹ̀ ní ìdájí. Wọ́n gbé Bàbá sórí èjìká yí ọgbà ká. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìyá kan lára àwọn tó ń dáná pè é sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní, “Wẹ́fíà, ẹ̀yin jẹun. Ta ló ń se sàárì fáwọn ọmọ tèmi?” Àwọn ìyá wọ̀nyí náà ń gba ààwẹ̀. Kí wọ́n tó lè débi iṣẹ́ ní àkókò náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ilé wọn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ilé wọn ń fi omi sàárì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè jẹ ìrẹsì gbígbóná. Bàbá ní òun bi ara òun pé níbo ni àwọn ìyá náà wà nígbà tí àwọn ń ṣe ìpàdé. Ilé ìdáná ni wọ́n wà, wọ́n ń se oúnjẹ tí àwọn fi ṣínu ní ìpàdé náà.

Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn ìyá náà máa se oúnjẹ náà lẹ́yìn Àláásárì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa dá a gbóná fúnra wọn. Bàbá wò mí. “Ẹni tí kò sí ní ìpàdé, òun ni ìpàdé máa ń jẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo rò pé ti àwọn ìyá yẹn yàtọ̀ sí ti àwọn awakọ̀ tó ń fi èèyàn sílẹ̀ sínú òkùnkùn. N kò yí nǹkan kan padà.

Ní Mọ́ńdè tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, àwọn awakọ̀ gbé èrò jáde ní ọ̀sán bí ìṣe wọn. Nígbà tó di Àláásárì, wọ́n jáde, wọn kò sì padà. Kò sí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ní páàkì nígbà tí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ parí. Èrò kún ibẹ̀ bámúbámú. Wọ́n rí mi.

“Wẹ́fíà, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá pọ̀n wá.”

“Ẹ̀yìn yẹn á gba èèyàn méjì o. Ta ló kàn?”

Mo bá wọn rìn dé Tanke.

Nígbà tí mo pe Bàbá lọ́jọ́ kejì, kò sọ pé òun ti wí i. Ó kàn bi mí pé níbo ni àwọn awakọ̀ ti ń ṣínu. Mo ní abẹ́ igi dógóyárò kan ni, ní ẹ̀gbẹ́ títì, nítòsí mọ́sáláṣí náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó wọ kẹ̀kẹ́ dé Tanke pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti kúlà ògì tí Ìyá Àgbà dì fún un. A jọ lọ síbẹ̀. Àwọn awakọ̀ ti tẹ́ ẹní. Alága wọn ń jẹ́ Súlè, ọkùnrin gíga kan tó ní ohùn wẹ́lẹ́.

“Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n rán wá bẹ̀ wá?”

“Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Ẹ jẹ́ ká ṣínu ná.”

A ṣínu, wọ́n sì kírun Màgàríbì. Bí wọ́n ṣe ń ká ẹní ni Ọ̀gbẹ́ni Láwàl, ọ̀gá ọkọ̀, dé. Àṣé Bàbá kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà kan. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Bàbá, wọ́n sọ fún mi pé ẹ wà níbí. Ohun tí ẹ bá ti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, abẹ gé e.”

Alága Súlè wo àwọn èèyàn rẹ̀. “Àwa náà gbà. Àgbà ni yín, ẹ ti bá wa jẹun. Tí ẹ bá ní ká lọ gbé wọn nísinsìnyí, a ó lọ.”

Fóònù mi ń dún lọ́wọ́ mi. Mo mọ ẹni tó ń pè: àwọn tó wà ní páàkì ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Bàbá ń yí ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀.

Ó ní, “Mi ò kì í ṣe awakọ̀, mi ò kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Mi ò yá ẹnu ẹnikẹ́ni wá síbí. Kí ni mo fẹ́ sọ?”

Mo súnmọ́ ọn. “Bàbá, wọ́n ń dúró ní páàkì.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ kàn sọ ọ́.”

“Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lọ lónìí nítorí irùngbọ̀n mi. Lọ́la, irùngbọ̀n mi á ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Jókòó, kí o bi wọ́n.”

Mo jókòó. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo bi Alága Súlè ìdí tí wọ́n fi ń lọ nígbà tí a bá nílò wọn jù. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbàgbọ́ pé ìbéèrè gidi ni. Ó ní láti ìdájí ni àwọn ti wà nínú ooru ọkọ̀. Ó ní tí àwọn bá ṣínu nínú ọkọ̀, omi inú ọ̀rá ni, ọwọ́ kan lórí sítíárìn, àwọn èrò á sì máa pariwo pé kí àwọn máa lọ. Kò sí ibi tí àwọn lè tẹ́ ẹní sí nínú páàkì, kò sí omi àlùwàlá níbẹ̀. Awakọ̀ kékeré kan gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

“Àǹtí, a ò kọ̀ láti gbé yín. Ohun tá a kọ̀ ni kí ẹ máa lu ara ọkọ̀ nígbà tí dàbínù ṣì wà lẹ́nu wa.”

“Tí ẹ bá lè jókòó ṣínu nínú páàkì, kí ẹ kírun níbẹ̀, ṣé ẹ máa gbé wa lẹ́yìn irun?”

“Ta ló máa gbé oúnjẹ wá?”

Ó ku díẹ̀ kí n sọ pé àwa ni. Mo gbé e mì. Mo ní, “N kò tíì bi wọ́n.”

Alága Súlè rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ó dáa. Lọ bi wọ́n, kí o padà wá.”

Àwọn awakọ̀ díẹ̀ lọ kó èèyàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ kò lọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tún fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí mo sin Bàbá dé ibi kẹ̀kẹ́, n kò bá a sọ̀rọ̀, òun náà kò bẹ̀ mí. Bó ṣe ń wọlé sínú kẹ̀kẹ́ ló sọ ọ̀rọ̀ kan. “Bínú sí mi, kò burú. Ṣùgbọ́n bi wọ́n.”

Mo bi wọ́n. Mo lọ láti ibùgbé dé ibùgbé, títí kan ọ̀dọ̀ àwọn tí kò dìbò fún mi. Àwọn Mùsùlùmí ní àwọn náà ń sáré ṣínu lójú ọ̀nà ni, ó tẹ́ àwọn lọ́rùn kí àwọn jókòó ṣe é ní páàkì, àwọn á sì máa gbé ògì àti àkàrà wá ní ìpín ìpín. Mo bi àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà, nítorí àwọn ni yóò dúró láìṣínu. Fúnkẹ́ gbé apá rẹ̀ tó wà nínú báńdéèjì sórí ìrọ̀rí.

“Ṣé èmi náà máa jẹ àkàrà náà, àbí kí n kàn máa wò yín lẹ́nu?”

“Wàá jẹ ẹ́.”

“Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dín máa dín in o. Tìrẹ ń mu epo. Kí wọ́n sì tan iná síbi tí a máa dúró sí. Òkùnkùn ni mi ò fẹ́ rí.”

Ìyẹn ni mo gbé padà lọ sábẹ́ igi dógóyárò, pẹ̀lú ẹnu àwọn tó ni ín. Àwọn awakọ̀ fi tiwọn kún un: wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ kí àwọn tó sálámà parí irun. Ọ̀gbẹ́ni Láwàl fagi lé òfin ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé ọpọ́n omi wá, ó sì ní kí wọ́n gbé iná sí páàkì. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ẹní wà nílẹ̀, bútà wà ní ìlà, ògì ń rú èéfín. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn awakọ̀ jọ ṣínu. Ẹnikẹ́ni kò lu ara ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n kírun tán, Alága Súlè dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ó yá, Tanke.” Gbogbo bọ́ọ̀sì ló gbéra. Mo dúró títí tí páàkì fi ṣófo.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ tí Bàbá kọ̀ láti pàṣẹ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó tọ̀nà. Ì bá sọ ọ̀rọ̀ kan, kí àwọn tó wà ní páàkì lọ sílé láìséwu, kí n sì bi àwọn awakọ̀ ní ọjọ́ kejì. Àwọn tó rìn ló san owó ẹ̀kọ́ tí èmi kọ́. Mo sọ èyí fún un nígbà tí inú mi ti rọ̀. Kò jiyàn. Ó ní, “Bóyá mo ṣì í. Èmi kọ́ ni o máa bi. Bi àwọn tó rìn.” Fúnkẹ́ wà lára wọn. Mo bi í. Ó ní inú bí òun sí bàbá mi àgbà lọ́jọ́ náà, pé ó ṣì ń bí òun díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò tún rìn mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo gbé ìdáhùn náà padà fún Bàbá bó ṣe rí. Ó mi orí. “Ìyẹn, ó rán ọ ni. O kò fi kún un.”

Bàbá kú kí oṣù ààwẹ̀ tó kọjá yìí tó wọlé. Ó jẹun ọ̀sán, ó bá Ìyá Àgbà ṣe àwàdà, ó dùbúlẹ̀ láti sinmi, kò sì dìde mọ́. Ó ti pẹ́ láyé, kò sì jìyà. Ìbànújẹ́ wa kò ní ìkorò. Ní ìparí fídáù náà, Ọ̀gbẹ́ni Láwàl sọ̀rọ̀. Ó sọ pé Bàbá ló dá ìṣínu páàkì sílẹ̀, pé títí ayé ni wọ́n á máa rántí rẹ̀ níbẹ̀. Ó fi ìfẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e lé Bàbá lọ́wọ́, ó sì kọ̀ ọ́.

Nínú oṣù ààwẹ̀, mo lọ gba ìwé ẹ̀rí mi nínú ọgbà, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ sì bá mi níbẹ̀. Mo gba páàkì kọjá. Wọ́n ti tẹ́ ẹní. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ń bu ògì fún àwọn èèyàn. Òun ni wẹ́fíà tuntun. Ó nawọ́ kọ́ọ̀bù kan sí mi. Mo bi í, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, pé ta ló bẹ̀rẹ̀ ètò yìí.

Ó ní, “Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni.”

Awakọ̀ kan tó ń fi bútà ṣe àlùwàlá gbójú sókè. “Ẹ má dá tiẹ̀ lóhùn, Àǹtí. Àwa awakọ̀ la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin wá bá wa níbẹ̀ ni.”

“Ìgbà wo? Ògì ta lẹ máa ń mu?”

“Ọkọ̀ ta lẹ máa wọ̀ lọ sílé?”

Àwọn tó wà lórí ẹní rẹ́rìn-ín, àwọn kan gbè sí apá kan, àwọn kan gbè sí èkejì. Alága Súlè, tó mọ̀ mí dáadáa, ń wò mí láti ìkángun ẹní. N kò dá sí i. Mo mu ògì mi tán. Wọ́n kírun, wọ́n sálámà, àwọn méjèèjì sì ń bá àríyànjiyàn wọn lọ bí a ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ kún, a sì gbéra lọ sí Tanke.